Ìbà Onílẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lásán: Gbèsè Wa Lọ́dọ̀ Àwọn Wabanaki

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Nígbà ooru tí ó kọjá, àwa díẹ̀ nínú ilé wa lọ sí etí odò Penobscot ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ó ń múra láti dóṣù, a sì mú un lọ kí Ọ̀ṣun kí ọjọ́ náà tó pé. Ìyá wa tí ó ṣáájú ta omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó júbà Olódùmarè, ó júbà àwọn òkú ọ̀run, ó júbà ilẹ̀, ó sì júbà onílẹ̀. Bí ó ti parí, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ dákun, ta ni onílẹ̀ tí ẹ kí yẹn? Ṣé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí àwọn tí wọ́n ni ín? Bí ó bá jẹ́ àwọn tí wọ́n ni ín, ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé a wà níhìn-ín?” Ìyá kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo òkè odò fún ìgbà díẹ̀, ó wá nawọ́, ó ní, “Erékùṣù wọn wà lókè lọ́hùn-ún. Wọn kò kú tán. Àwa ni a kò tíì kí wọn.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí kò ti jẹ́ kí a sinmi. Èrò wa nìyí, kí a má fi í pamọ́: ẹni tí ó bá ń júbà onílẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti jẹ gbèsè, gbèsè náà kò sì ṣeé fi omi tútù nìkan san. Ní Maine, ọ̀nà tí a lè gbà san díẹ̀ nínú rẹ̀ hàn gbangba. Àwọn Wabanaki ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà pé kí ó tún òfin ọdún 1980 tí ó so wọ́n lọ́wọ́ ṣe. Ó tọ́ kí àwa olóòrìṣà dúró tì wọ́n, kí a sì jẹ́ kí àwọn aṣòfin gbọ́ ohùn wa.

Àwọn wo ni onílẹ̀?

Wabanaki túmọ̀ sí àwọn ènìyàn ilẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyẹn àwọn tí oòrùn kọ́kọ́ ń yọ sí. Àwa tí a kì í jí láìkí ojúmọ́ mọ iyì irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin nínú wọn ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní Maine lónìí: Penobscot, tí ibùjókòó wọn jẹ́ Indian Island láàárín odò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, Passamaquoddy, tí wọ́n wà ní Sipayik létí òkun àti ní Motahkomikuk nínú igbó, Maliseet ti Houlton, àti Mi'kmaq ní agbègbè Aroostook. Àwọn ìbátan wọn wà ní Kánádà pẹ̀lú, nítorí pé ààlà tí àwọn òyìnbó fà gba àárín ilé wọn kọjá.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn baba ńlá wọn ti ń pẹja lórí odò wọ̀nyí kí ọkọ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tó dé. Ohun tí ojú wọn rí lẹ́yìn náà kò kéré. Ní ọdún 1755, Spencer Phips, igbákejì gómìnà Massachusetts, kéde pé ìjọba yóò san owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú awọ orí ọmọ Penobscot wá, ti obìnrin àti ti ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ orí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Orí ènìyàn, tí àwa ń fi obì àti omi tútù kí, ni ìjọba fi owó lé.

Nígbà tí Maine ya kúrò lára Massachusetts tí ó di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1820, ó gba ẹrù àdéhùn tí Massachusetts ti bá àwọn onílẹ̀ ṣe. Penobscot bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣojú lọ sí ilé aṣòfin Maine ní ọdún 1823, Passamaquoddy ní ọdún 1842. Aṣojú náà lè jókòó, ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbò. Àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún wọn kò lè dìbò yan ìjọba àpapọ̀ títí di ọdún 1954. Ọdún 1967 ni wọ́n tó lè dìbò yan aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn tí ó wà láàyè lónìí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn.

Àdéhùn ọdún 1980

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti wà láti ọdún 1790, pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ sí i. Síbẹ̀ Massachusetts gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Passamaquoddy ní ọdún 1794, ó sì gbà á lọ́wọ́ Penobscot ní ọdún 1796 àti 1818. Maine náà tọ ipasẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí di ọdún 1975, nígbà tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí àwọn Passamaquoddy pè pé òfin 1790 náà bo àwọn pẹ̀lú. Ó wá hàn pé nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Maine ni àwọn Wabanaki lè béèrè padà. Ẹ̀rù ba ìpínlẹ̀ náà gidigidi.

Bí wọ́n ṣe wá jókòó dúnàádúrà nìyẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1980, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tí ó parí ẹjọ́ náà. Wọ́n yọ mílíọ̀nù 81.5 dọ́là sílẹ̀: mílíọ̀nù 54.5 láti fi ra ilẹ̀, mílíọ̀nù 27 láti fi sínú àpò ìpamọ́. Àwọn Wabanaki náà jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn lórí ìyókù ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a ò bá sọ pé ìjà ti tán. Ṣùgbọ́n kókó méjì wà nínú òfin náà àti nínú òfin tí Maine fi ṣe ìkejì rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ara wọn balẹ̀ títí di òní.

Èkíní ni pé, nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, òfin ìpínlẹ̀ ń bójú wo àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ lásán ni wọ́n, bí ìlú kéékèèké tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó ti wà kí Maine tó ní orúkọ wá di ọmọ abẹ́ Maine.

Èkejì ni ó burú jù. Òfin náà sọ pé òfin èyíkéyìí tí ìjọba àpapọ̀ bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1980 fún àǹfààní àwọn onílẹ̀, bí ó bá lè kan àṣẹ ìpínlẹ̀ Maine, kò ní ṣiṣẹ́ ní Maine àyàfi bí wọ́n bá dárúkọ ibẹ̀ ní pàtó nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè onílẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lé ní 570. Nígbà tí a bá gbé oúnjẹ tuntun wá fún gbogbo wọn, àwọn mẹ́rin ti Maine yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò máa béèrè bóyá a pe orúkọ tiwọn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fún ilé ẹjọ́ àwọn onílẹ̀ láṣẹ láti dá ẹjọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, tí ó na ìyàwó rẹ̀ tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn. Ní ibòmíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Maine, àríyànjiyàn ni ó kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, bóyá òfin náà kàn wọ́n tàbí kò kàn wọ́n. Ọdún 2022 ni àwọn aṣòfin àpapọ̀ tó wá kọ orúkọ Maine sínú rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n lù láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ta ni yóò gbà á?

Ìyà náà hàn lápò pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Harvard gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2022. Wọ́n rí i pé láti ọdún 1989, owó tí ń wọlé fún ẹnìkọ̀ọ̀kan láàárín àwọn orílẹ̀-èdè onílẹ̀ yòókù ti fi ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ti àwọn Wabanaki ní Maine kò ju ìdá 9 lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ni a tì mọ́ wọn.

Odò ńkọ́? Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé erékùṣù nìkan ni ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún Penobscot, pé omi tí ó yí i ká kì í ṣe ara rẹ̀. Ní ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹnìkan dìde kí ó sọ fún ará Òṣogbo pé, igbó ni tiyín, àmọ́ odò Ọ̀ṣun kì í ṣe tiyín. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún àwọn tí odò náà ń jẹ́ orúkọ wọn.

Ohun tí ilé aṣòfin lè ṣe

Ẹlòmíràn yóò ní òfin kò lè tún ohun tí òfin bàjẹ́ ṣe. A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rí wà.

Omi kò ní ọ̀tá, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ẹ̀rọ ní Sipayik pọ́n bí omi ẹrẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fọkàn tán an láti mu. Àwọn Passamaquoddy mọ ibi tí omi tí ó dára wà, ṣùgbọ́n òfin 1980 kò jẹ́ kí wọ́n lo àṣẹ tí wọn ì bá fi tètè fà á wálé. Ní ọdún 2022, ilé aṣòfin Maine ṣe òfin tí ó tú kókó yẹn, Gómìnà Janet Mills sì buwọ́ lù ú. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni a fi yanjú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ fún Mi'kmaq ní ẹ̀tọ́ tí ó bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ní ọdún kan náà, ó fi òfin tirẹ̀ dáàbò bo àwọn ọmọ Wabanaki kí a má máa kó wọn kúrò lọ́dọ̀ ìbátan wọn lọ fún àjèjì tọ́. Ní ọdún 2024, ó fi kún agbára ilé ẹjọ́ wọn lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn olùdìbò Maine fúnra wọn pàṣẹ pé kí a dá ìpín tí ó sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn àwọn onílẹ̀ padà sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí a ń tẹ̀. Ìpín náà kò fìgbà kan kúrò nínú òfin, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 140 ọdún tí wọ́n ti dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ kí aráàlú lè rí i. Ó lé ní 70 nínú 100 olùdìbò tí ó sọ pé kí ó padà. Nítorí náà, kì í ṣe aráàlú ni ìṣòro.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ṣì wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀, tí àwọn onílẹ̀ àti àwọn aṣòfin jọ jókòó sí, mú àbá 22 wá ní ọdún 2020 lórí bí a ṣe lè tún òfin 1980 ṣe. Àbá òfin LD 1626 kó wọn jọ. Ilé méjèèjì dìbò fún un ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ó kú nítorí pé a kò yọ owó sílẹ̀ fún un. Ní ọdún 2023, àbá òfin LD 2004 dìde, èyí tí yóò jẹ́ kí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe onílẹ̀ yòókù láǹfààní máa ṣiṣẹ́ ní Maine. Ó gba ilé méjèèjì kọjá. Gómìnà kọ̀ láti buwọ́ lù ú, àwọn tí ó fẹ́ yí ìkọ̀sílẹ̀ náà padà kò sì rí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìbò tí wọ́n nílò. Ìbò díẹ̀ ni ó kù. Ìbò díẹ̀ yẹn ni ó mú kí a kọ̀wé yìí.

Pàṣán tí ó wà lájà

Èwo ni tiwa nínú rẹ̀? Àwọn àgbà sọ pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn tí gbogbo olóòrìṣà ní Amẹ́ríkà ní láti mọ̀.

Ní ọdún 1987, nígbà tí ilé òrìṣà Lukumí kan fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìlú Hialeah, ní Florida, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin lórí òfin láti fòpin sí ẹbọ ẹran. Ní ọdún 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fẹnu kò pé òfin tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo kò lè dúró. A máa ń pa ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tuntun, a sì máa ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí a kì í sọ ni ibi tí àwọn adájọ́ ti mú ìlànà náà wá.

Ní ọdún 1990, Alfred Smith, ọmọ ẹ̀yà Klamath, àti ẹnìkejì rẹ̀ pàdánù ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ kan náà. Wọ́n lé wọn kúrò níbi iṣẹ́ nítorí pé wọ́n jẹ ewéko peyote nínú ìsìn ìjọ àwọn onílẹ̀, ìpínlẹ̀ Oregon sì kọ̀ láti fún wọn ní owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní òfin tí ó bá kan gbogbo ènìyàn bákan náà lè dí ìsìn lọ́wọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Orí ìlànà yẹn ni wọ́n dúró sí ní ọdún 1993. Nítorí pé òfin Hialeah kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà, àwa là. Nítorí pé òfin Oregon dà bí ẹni pé ó kàn wọ́n bákan náà, àwọn ti ṣubú. Ẹ̀yìn wọn ni a fi ṣe àtẹ̀gùn.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ìdájọ́ tí ó bi àwọn onílẹ̀ ṣubú bí aráàlú nínú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ fi ṣe òfin tuntun ní ọdún 1993 láti dáàbò bo ẹ̀sìn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sì ní òfin yẹn kò lè de àwọn ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe tiwọn. Texas ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1999. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Texas yìí ni José Merced, olóòrìṣà ní ìlú Euless, fi jàre ní ọdún 2009 nígbà tí ìlú náà ní kò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ rúbọ nínú ilé rẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe, tí ìyà àwọn onílẹ̀ ṣokùnfà, ni ó gba ewúrẹ́ òrìṣà sílẹ̀. Àwọn ará wa ní Brazil mọ irú rẹ̀: títí di ọdún 1976, ilé Candomblé ní ìpínlẹ̀ Bahia gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lùlù. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó kọ àṣẹ tí ó fòpin sí i.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òfin ìpínlẹ̀ kò kan òrìṣà kò mọ ohun tí ó gbé ìlù rẹ̀ dúró.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan nínú wa ti sọ fún wa pé àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n ní àwa tí a mọ ohun tí ìmùlẹ̀ jẹ́ kò gbọdọ̀ máa ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti yẹ àdéhùn ọdún 1980, nítorí pé ẹni tí ó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n inú àdéhùn náà gan-an ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè onílẹ̀ láti jọ tún un ṣe bí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò. Ẹni tí ó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ padà sídìí ìmùlẹ̀ kò dalẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ láti padà jókòó ni kí a bi léèrè. Àdéhùn tí ó ti pẹ́ jù ńkọ́, àwọn ti ọdún 1794 títí dé 1818? Ta ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n?

Àwọn mìíràn ní àwọn baba ńlá àwọn kò fẹsẹ̀ ara wọn wá, pé inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbà dé Amẹ́ríkà. Kí ni gbèsè tiwọn? Òótọ́ ni pé ẹrú kọ́ ni ó jí ilẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ ẹ̀bi níhìn-ín. Ìbà ni à ń sọ. Àlejò tí a fi tipátipá mú wá ṣì ń mu omi odò onílẹ̀, òrìṣà rẹ̀ sì ń gba ẹbọ lórí ilẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil mọ èyí nínú oko ẹrú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Candomblé, wọ́n ń kí àwọn caboclo, ẹ̀mí àwọn tí ó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ń pè wọ́n ní onílẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ìdè rántí láti kí onílẹ̀. Àwa tí a ní ìwé ìdìbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bákan náà ni ó rí nílé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọba kì í gorí ìtẹ́ láìjẹ́ pé àwọn ìdílé tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ṣe ipa tiwọn. Adé kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́.

Gómìnà ní tirẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ inú LD 2004 kò yé tó, pé yóò fa ẹjọ́ lẹ́yìn ẹjọ́. Ó tọ́ kí aláṣẹ bẹ̀rù àìdánilójú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lẹ́yìn ẹjọ́ ni a ti wà láti ọdún 1980: ẹjọ́ odò, àríyànjiyàn ilé ẹjọ́, àríyànjiyàn omi. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ kọ. Kí a má fi àìyé ọ̀rọ̀ ṣe ìdí láti pa ọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ọwọ́ wa tó

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wa tó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Maine, ẹ mọ orúkọ aṣojú yín ní ilé aṣòfin méjèèjì, ní ìlú Augusta. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí àbá òfin tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bá pe aráàlú láti wá jẹ́rìí, ẹnikẹ́ni lè lọ, ẹnikẹ́ni sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ. Ẹ má tijú láti sọ pé olóòrìṣà ni yín. Ẹ sọ fún wọn ìdí tí ìbà onílẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ rántí pé ìdè kejì tí a sọ yẹn wà nínú òfin àpapọ̀ pẹ̀lú, nítorí náà aṣòfin tiyín ní Washington ní ìbò lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ara wa di agbẹnusọ wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá Wabanaki Alliance sílẹ̀ ní ọdún 2020 láti máa fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kí a ṣe ni kí a ṣe. Ibi tí wọ́n bá ní kí a dákẹ́, kí a dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ jí orin tàbí ètùtù wọn wá sínú ilé òrìṣà ní orúkọ ìfẹ́. A mọ bí ó ti ń dùn wá tó nígbà tí wọ́n bá ṣe tiwa bẹ́ẹ̀.

Ní ti odò, kí ọwọ́ wa mọ́. Kí a má fi ọ̀rá, ìgò àti aṣọ sílẹ̀ létí omi ní orúkọ Ọ̀ṣun tàbí Yemọja. Àwọn Penobscot wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ títí wọ́n fi wó ìdídò Great Works ní ọdún 2012 àti ti Veazie ní ọdún 2013, kí ẹja lè rọ́nà padà láti òkun sínú odò. Ẹni tí ó da ìdọ̀tí sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kò bọ òrìṣà kankan.

Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè yẹn ti dóṣù. Ó ti wọ funfun báyìí, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó sì kù fún un. Kí ó tó wọ yàrá òrìṣà, ó kọ lẹ́tà kan sí aṣojú àdúgbò rẹ̀, kò gùn ju ojú ìwé kan lọ. Ó ní òun ń gbé létí odò tí kì í ṣe tòun, pé àwọn tí ó ni ín ń béèrè ohun tí ó tọ́, pé òun fẹ́ kí aṣojú náà dìbò fún wọn. Ìyá wa kà á, ó ní, “Ìbà náà ti wá pé.”

Kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Kí ojúmọ́ ire mọ́ fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí omi wọn tòrò, kí àṣẹ wọn padà sí wọn lọ́wọ́. Àṣẹ.